OJÚ NI ALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ỌMỌ TÍ A BÍ LÁÌMỌ ÌRORA

  

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó àti èlé kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lójú ìwé yìí lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ló bi mí léèrè lẹ́yìn ìpàdé pé, "Akọ̀wé, mo gbọ́ pé wọ́n máa ń bí ọmọ kan tí ara kì í dùn láéláé. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣebí ire nìyẹn?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí Ọlọ́run fi irú rẹ̀ ta òun lọ́rẹ, nítorí ẹ̀yìn tó ń ro òun láti ọjọ́ yìí.

Mo dáhùn pé òótọ́ ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ire. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju èyí tí a lè sọ lórí ìdúró lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síhìn-ín. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa lè má rí ẹni tó ní i títí ayé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kàn ní ilé rẹ̀, bí kò bá mọ ohun tí yóò ṣe, ọmọ náà lè tọwọ́ rẹ̀ bọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan àwa àgbà náà, àwa tí a ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tí a ń dúró sọ́jà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

KÍ NI IṢẸ́ ÌRORA?

Ẹ wo bí èdè wa ti lọ́rọ̀ tó lórí ìrora. Orí a máa fọ́ni, inú a máa runni, ẹ̀yìn a máa roni, ata a máa tani lójú, iná a máa jóni, egbò a máa dunni. Ẹnu kan náà la fi ń sọ pé oyin dùn, òun náà la tún fi ń sọ pé egbò dùn wá. Àwọn àgbà sì sọ pé gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n alángbá tí inú ń run, òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ọmọ tí mò ń sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Ìrora dà bí ọdẹ tí a gbà sọ́jà. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn fèrè ọdẹ láàjìn òru, nítorí ó ń da oorun rú. Ṣùgbọ́n ọjà tí kò ní ọdẹ, kí ilẹ̀ tó mọ́, olè ti kó ìsọ̀ tán, onísọ̀ kò sì gbúròó.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Lábẹ́ awọ wa ni àwọn iṣan tín-ín-rín wà bí òwú. Bí ìka bá kan iná, iṣan ibẹ̀ á gbé ìròyìn lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, á sì tibẹ̀ dé ọpọlọ. Kí a tó rò ó wò, ọwọ́ ti kúrò. Kì í ṣe iná àti ọ̀bẹ nìkan o. Bí a bá dúró pẹ́ nídìí ọjà, a máa ń yí ẹsẹ̀ padà, a máa ń fara ti apá kan, láìmọ̀ pé à ń ṣe é. Bí a bá sùn, a máa ń yíra padà. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, a máa ń tiro, a kì í tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi san. Ìrora kékeré ló ń darí gbogbo ìwọ̀nyí. Bí a bá mú un kúrò, kò sí ẹni tí yóò sọ fún oríkèé pé ó tó gẹ́ẹ́.

IRÚ ỌMỌ WO NI?

Bí wọ́n bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ojú rí lára rẹ̀. Ó pé, ó ń mu ọmú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dàgbà. Bí a bá fọwọ́ kàn án, ó mọ̀. Ó mọ̀ pé omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí pé ó tutù. Ohun tí kò mọ̀ ni ìgbà tí omi náà di èyí tó ń bó èèyàn lára. Púpọ̀ nínú wọn kì í gbóòórùn pẹ̀lú. Bí ọbẹ̀ bá ń jó lórí iná, imú wọn kò ní sọ fún wọn. Ọpọlọ wọn jí pépé. Wọ́n lè kàwé, wọ́n lè tajà, wọ́n sì lè mọ ìṣirò ju akọ̀wé yín lọ.

Oríṣi kejì wà tó le ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ tirẹ̀ kì í làágùn. Ẹ mọ̀ pé òógùn ló ń tu ara wa lára nígbà ooru. Ọmọ tí kò bá làágùn, ooru á máa kó sínú ara rẹ̀, ara á gbóná janjan bí ẹni tí ibà ń ṣe, gìrì sì lè gbé e. Irú ooru ara bẹ́ẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kékeré. Ẹ̀kọ́ ìwé sì máa ń ṣòro fún àwọn mìíràn nínú wọn.

Ẹlòmíràn á ti máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Òkígbẹ́ nìyẹn. Ọmọ náà gbé oògùn wáyé ni." Ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tó ní òkígbẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àdá kì í ràn án. Ọmọ tí mò ń sọ yìí, àdá ń ràn án dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde, egungun ń kán, iná ń bó o, egbò ń kẹ̀. Ara rẹ̀ kò le ju tiwa lọ. Ìròyìn ni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dà bí ìyá ọlọ́jà tó ń kiri ọjà níwájú, tí wọ́n ń jí i kó lẹ́yìn.

IBI TÍ Ó TI WÁ

Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe àbíkú, kì í sì í ṣe ohun tí ìyá jẹ nígbà oyún. Àjogúnbá ni, bíi ti àrùn SS tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ mọ̀ pé AS kì í ṣàìsàn, ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SS. Bákan náà ni èyí. Bàbá gbé ìdajì àléébù náà, ìyá gbé ìdajì, ara àwọn méjèèjì sì le koko. Nígbàkígbà tí wọ́n bá lóyún, ìdá 1 nínú 4 ni pé ọmọ náà lè gba méjèèjì pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i níbi tí ìbátan ti ń fẹ́ ìbátan. Àṣà tiwa tó ní ká wádìí ìdílé kí ọmọ tó lọ sílé ọkọ, tí kò sì gbà kí ẹ̀jẹ̀ kan náà fẹ́ra wọn, àṣà tó dára ni.

Ní ọdún 2006 ni Dókítà Geoffrey Woods ti Yunifásítì Cambridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ibi tí àléébù náà wà fún oríṣi kìíní. Wọ́n yẹ ìdílé 3 wò láti àríwá ilẹ̀ Pakistan. Wọ́n rí i pé ìlànà kan tí ara fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní SCN9A, ló bàjẹ́ lára àwọn ọmọ náà. Iṣẹ́ ìlànà yìí ni láti ṣe ilẹ̀kùn kékeré kan sára iṣan, níbi tí ìròyìn ìrora ń gbà kọjá. Lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, ilẹ̀kùn náà kì í ṣí rárá.

Àwa yòókù sì ń jàǹfààní wọn. Nítorí ohun tí àwọn onímọ̀ rí lára wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn tí yóò ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lára ẹni tí ìrora fẹ́ pa. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní suzetrigine, tó ń ti ilẹ̀kùn mìíràn tó jẹ́ bí àbúrò sí ti SCN9A.

ÌBÀDÀN, ỌDÚN 1968

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àrùn ọ̀nà jíjìn nìkan ni. Ní ọdún 1968, nígbà tí ọmọ Ìyìn wa, Adeyinka Adebayo, ń ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn, àwọn dókítà 3 ní ìlú Ìbàdàn kan náà kọ̀wé lórí irú àìsàn yìí gan-an, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn ni Kayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1935, tó kàwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì, tó sì wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá nínú ìmọ̀ ọpọlọ àti iṣan. Ẹni kejì ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ẹni kẹta ni Lucio Luzzatto, ará Ítálì, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà. Odeku kú ní 1974, Osuntokun kú ní 1995. Kí àwọn ọmọ wa tó wà nílé ìwé mọ̀ pé ọmọ Èkìtì ló ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí.

Ohun méjì ni wọ́n kọ pọ̀. Èkíní ni ìrora tí kò ní ìtumọ̀ sí ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ohùn tí kò ní ìtumọ̀ sí i: etí ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò mọ ohun tí etí gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ro èyí dáadáa. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò wa, kí la ó pè é? A ó pè é ní olóríkunkun. A ó ní a nà án kò sunkún, a pè é kò dáhùn. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ààwẹ̀, ẹlòmíràn á ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, dókítà ni ọmọ náà ń fẹ́.

OHUN TÍ ÀÌMỌ̀ ÌRORA Ń FÀ

Nínú ìtàn Pakistan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10 kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ìgboro ló ti ń fi ara rẹ̀ ṣeré fún àwọn èèyàn. Á fi ọ̀bẹ gún apá rẹ̀, á rìn lórí ẹyin iná. Kí àwọn onímọ̀ náà tó rí i yẹ̀ wò, ó ti kú. Ó bẹ́ láti orí òrùlé ilé lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún 14. Wọ́n yẹ ọmọ 6 mìíràn wò nínú àwọn ìdílé náà. Kò sí ọ̀kan tí kò fi eyín ya ètè tàbí ahọ́n ara rẹ̀ ní kékeré, àní àwọn 2 ti gé ìdá kan nínú mẹ́ta ahọ́n wọn jẹ.

Ọmọbìnrin kan tún wà ní ìlú Montreal, ní Kánádà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí àwọn onímọ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1950. Nígbà tó wà ní kékeré, ó gé ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀ jẹ níbi tó ti ń jẹun. Ó tún kúnlẹ̀ lórí irin gbígbóná tí wọ́n fi ń mú ilé móoru, ó ń wo ìta lójú fèrèsé, orúnkún rẹ̀ bó yánnayànna, kò mọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ tọ́jú rẹ̀, ó dàgbà. Ṣùgbọ́n nítorí pé kì í yí ẹsẹ̀ padà lórí ìdúró, kì í sì í yíra padà lójú oorun bíi tiwa, oríkèé ìbàdí, orúnkún àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ dànù, kòkòrò àrùn ráyè wọ inú egungun. Ọmọ ọdún 29 ni nígbà tó kú. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀bẹ ló pa á, kì í ṣe iná. Ìdúró àti ìdùbúlẹ̀ lásán ni.

ÀPẸẸRẸ TÍ ÌYÁ LÈ RÍ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fiyè sí ìwọ̀nyí:

1. Ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò sunkún rárá. Tàbí tí olóólà kọ nílà, tí wọ́n lu etí fún, tó ń sùn lọ.
2. Ọmọ tí eyín rẹ̀ yọ, tó ń jẹ ahọ́n, ètè tàbí ìka ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde.
3. Ọmọ tó jóná tàbí tó gbọgbẹ́, tí kò wá fi han ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí ẹlòmíràn rí i.
4. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tàbí tó kán, tó ṣì ń sáré lórí rẹ̀.
5. Ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n kankan tí kò ráhùn.
6. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná léraléra nígbà ooru, tí awọ rẹ̀ sì gbẹ, tí kò làágùn.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí kò tó láti dáni níjì. Ọmọ mìíràn jẹ́ akíkanjú lásán. Ṣùgbọ́n bí méjì tàbí mẹ́ta bá pàdé lára ọmọ kan, ẹ má pẹ́ nílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Adó-Èkìtì tàbí ní Ìdó-Èkìtì. Bí ó bá gba bẹ́ẹ̀, àwọn náà á kọ ìwé lọ sí UCH ní Ìbàdàn.

ÌTỌ́JÚ: OJÚ NI YÓÒ ṢE IṢẸ́ ÌRORA

Ká má tan ara wa, kò tíì sí oògùn tó ń wo àrùn yìí sàn. Ẹni tó bá gba owó yín pé òun yóò dá ìrora padà, owó yín ló ń jẹ. Ìtọ́jú tó wà ni ìtọ́jú egbò, eegun, eyín àti ojú, àti ìṣọ́ra lójoojúmọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Níwọ̀n ìgbà tí ìrora kò ti lè ṣọ́ ọmọ yìí, ojú ni yóò ṣe é: ojú ìyá, ojú bàbá, ojú ẹ̀gbọ́n, ojú olùkọ́, títí ojú òun fúnra rẹ̀ yóò fi là.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ wo ẹyinjú rẹ̀, inú ẹnu, abẹ́ ahọ́n, ìka ọwọ́, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan oríkèé tọ̀tún àti tòsì, kí ẹ mọ̀ bóyá ọ̀kan gbóná tàbí ó wú ju èkejì lọ. Ẹ gbọn bàtà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Òkúta, ìṣó tàbí àkekèé lè wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní sọ fún un. Kó má rìn láìwọ bàtà, bí ó ti wù kó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé lásán.

Ní ti iná àti omi, ẹni tó mọ ìrora ni kó kọ́kọ́ fi ìgúnpá rẹ̀ tọ́ omi ìwẹ̀ wò. Bákan náà ni ẹ̀kọ mímu, tíì àti iṣu gbígbóná. Kó má dá wà nídìí iná. Ẹ má fi sídìí agbada gàrí, ẹ má fi sídìí òróró tí wọ́n fi ń dín àkàrà.

Ní ti ẹnu, dókítà eyín lè yìnrìn ibi tó mú lára eyín, tàbí kó ṣe ohun tí yóò bo eyín kó má baà gé ahọ́n. Ọmọ ọwọ́ tó ń jẹ ìka, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lọ́wọ́ lóru. Ní ti ojú, ẹ gba oògùn tó ń mú ojú tutù lọ́dọ̀ dókítà ojú, ẹ sì ṣọ́ ọ nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀.

Ní ti eegun, gbogbo ìṣubú tó lágbára, ẹ lọ ya àwòrán eegun, bí ó tilẹ̀ ń rìn dáadáa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi agbára fà á tàbí wọ́ ọ. Igbe aláìsàn ló máa ń sọ fún ẹni tó ń to eegun pé ó ti pọ̀ jù. Ọmọ yìí kò ní ké. Fífò láti òkè, gígun igi àti bọ́ọ̀lù líle kì í ṣe eré rẹ̀. Bó bá ti dúró fún ìgbà díẹ̀, kó jókòó. Lóru, kí ẹnì kan máa yí i padà títí yóò fi kọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Ní ti inú ara, bí kò bá jẹun, tó ń bì, tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má sọ pé inú kò run ún. Ìfun rẹ̀ lè ti bẹ́ kó má mọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹ sì sọ irú ọmọ tó jẹ́ fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ọmọ tí kì í làágùn, ẹ má gbé e jókòó sọ́jà lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀. Ibòji, omi mímu àti aṣọ tútù lára ni tirẹ̀. Ẹ ra tẹmómítà sílé.

Bó bá ti ń gbọ́n, ẹ kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò: "Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀, dúró, wá sọ. Bí ara bá wú, dúró, wá sọ." Ohun tí ara kò kọ́ ọ, ẹnu yín ni yóò kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó lè dàgbà, kó ṣiṣẹ́, kó sì ní ilé tirẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÌWÉ ÀTI ÀDÚGBÒ

Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀dọ̀ yín ni ewu pọ̀ sí. A máa ń na ọmọ títí yóò fi sunkún, kí a mọ̀ pé ó gbọ́. Èyí tí kò bá sunkún, à ń rò pé ó ń fojú di wá, a ó fi kún un. Ẹ wo bí yóò ti rí lára ọmọ tí kò mọ ìrora. Ẹgba lè ya awọ rẹ̀, kó máa wò yín lójú. Kí òbí rẹ̀ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, kó sọ fún gbogbo olùkọ́.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń kọ́? Bí wọ́n bá ti mọ̀, wọ́n á ní, "Fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ ká wò ó."  Àgbà tó bá rí i, kó má dúró wòran, kó lé wọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ó KAN ÀWA ÀGBÀ NÁÀ

Mo ní ẹ ó rí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá. Òun nìyí: a lè bí èèyàn pẹ̀lú ìrora, kó sì pàdánù rẹ̀ lọ́nà.

Àtọ̀gbẹ ni àkọ́kọ́. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń pa iṣan díẹ̀díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ á kú tipiri, bàtà á bọ́ kéèyàn má mọ̀. Ìṣó á gún un, egbò á dá, á kẹ̀, ó sì lè di pé wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, ìtọ́jú ọmọ tí mo sọ lókè yìí ni tirẹ̀ náà: kó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́, kó fi dígí wò ó bí kò bá lè tẹ̀, kó má rìn láìwọ bàtà, kó má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná láìjẹ́ pé ẹlòmíràn tọ́ ọ wò.

Ẹ̀tẹ̀ ni ìkejì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń rò pé ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka. Dókítà Paul Brand, tó ṣiṣẹ́ ní Vellore ní ilẹ̀ Íńdíà, fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ń pa iṣan, ọwọ́ kò sì mọ ìrora mọ́. Iná àti egbò tí a kò tọ́jú ló ń jẹ ìka. Oògùn ẹ̀tẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń wò ó sàn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ní àbàwọ́n tí kò mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, kó má fi pamọ́.

Ìkẹta ni ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Osuntokun kan náà kọ̀wé ní 1968 nípa àwọn èèyàn ní Nàìjíríà tí ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn, tó ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ṣáá, ó sì tọ́ka sí májèlé inú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣe gàrí tà, ẹ má torí pé ọjà yá yọ ọ́ kó tó kan. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ fún omi rẹ̀ dànù dáadáa.

Ìkẹrin, àwọn kan ń fi owó ara wọn lé ọdẹ lọ. Mo ń bá àwọn tó ń ru ẹrù àti àwọn tó ń wa mọ́tò sọ̀rọ̀. Tramadol tó ju 100 mílígíráàmù lọ, NAFDAC kò fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn tó ń ro ọ́ ń sọ fún ọ pé ẹrù ti pọ̀ jù ni. Bí o bá pa á lẹ́nu mọ́, ẹrù náà kò fúyẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ọmọ yìí nílé, tàbí tó mọ ẹni tó ní i, kó má tijú, kó wá bá mi níkọ̀kọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún ìtọ́jú tàbí fún ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, kó mú ìwé ọsibítù wá, èmi fúnra mi yóò gbé e síwájú ìgbìmọ̀. Fún ìyá tó bi mí léèrè, ìdáhùn mi nìyí: bí ẹ̀yìn bá ń ro yín lálẹ́ òní, ẹ jókòó, ẹ sinmi, kí ẹ sì dúpẹ́ pé ọdẹ yín kò sùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìyìn-Èkìtì.